Inú Tábìlì Ni Kọ̀ǹpútà Ti Wá

Tí ẹ bá ń wo YouTube lálẹ́, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí wọn: àwọn tó gbé dígí lé orí tábìlì, tí kọ̀ǹpútà wá tẹ́ rẹrẹ sábẹ́ dígí náà, iná pupa, iná aró, fáànù mẹ́fà tó ń yí. Àwọn tó ń wò ó á máa pariwo pé ayé ti dayé ọ̀tun. Àwa tí à ń fi sọ́fítíwíà jẹun, tí à ń lo ìdajì ayé wa nídìí tábìlì, ẹ̀rín ló máa ń pa wá. Kò sí ọ̀tun kankan níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà ti wà nínú tábìlì kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan àpótí irin tí à ń gbé sábẹ́ ẹsẹ̀. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé ta ló gbé e kúrò níbẹ̀, kí ló dé tí wọ́n fi gbé e kúrò, àti pé kí ló jẹ́ kí káfíńtà àdúgbò lè dá a padà síbẹ̀ lónìí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Keje ọdún 1945. Vannevar Bush, ẹni tó ń darí ìwádìí sáyẹ́ǹsì fún ìjọba Amẹ́ríkà nígbà ogun àgbáyé kejì, kọ àròkọ kan sínú ìwé ìròyìn The Atlantic Monthly. Ó ṣàpèjúwe ẹ̀rọ kan tó pè ní memex. Tábìlì ni. Ojú skríìnì tó dagun díẹ̀ wà lórí ẹ̀, kíbọ́ọ̀dù wà níbẹ̀, bọ́tìnnì náà wà níbẹ̀. Inú ikùn tábìlì yìí ni gbogbo ìwé, lẹ́tà àti àkọsílẹ̀ ẹni tó ni ín máa wà, lórí fíìmù tí wọ́n ti ya gbogbo ẹ̀ kéékèèké sí. Tó bá ń ka ìwé kan, ó lè so ó mọ́ òmíràn, kó sì tọ ipa ọ̀nà yẹn padà lọ́jọ́ mìíràn. Ẹni tó bá ti tẹ link rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì á mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ. Ẹnikẹ́ni ò kàn án rí o, orí ìwé ló kú sí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ọkàn Bush lọ: kò ro àpótí, kò ro yàrá tó kún fún ẹ̀rọ. Ibi tí èèyàn ń jókòó ronú sí ló rò.

Ohun tó kọ́kọ́ dé ò jọ tábìlì rárá. ENIAC, tí wọ́n fi han aráyé ní Philadelphia ní oṣù Kejì 1946, wúwo tó nǹkan bíi 30 tọ́ọ̀nù, gílóòbù inú ẹ̀ sì lé ní 17,000. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, èèyàn ló ń lọ bá a níbi tó wà. Ẹ ó kó iṣẹ́ yín lọ, ẹ ó fà á lé àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀ lọ́wọ́, ẹ ó wá lọ dúró de èsì bí ẹni tó kọ̀wé sí ìjọba.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ẹ̀, ní 1956, ilé iṣẹ́ Librascope ní California gbé ẹ̀rọ kan jáde tí orúkọ ẹ̀ ń jẹ́ LGP-30. Tẹ́ ẹ bá rí fọ́tò ẹ̀, ẹ ó rò pé tábìlì akọ̀wé kan ni wọ́n gbé táípùráítà lé. Gílóòbù tó ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀ kò ju 113 lọ. Ohun tó fi ń rántí nǹkan jẹ́ ìlù, bẹ́ẹ̀ ni, ìlù irin tí wọ́n fi èròjà onímágínẹ́ẹ̀tì kùn, tó ń yí gbirigbiri nínú ikùn tábìlì náà. Ọ̀rọ̀ 4,096 péré ló lè gbà. Ó wúwo ju 300 kílò lọ, owó ẹ̀ jẹ́ 47,000 dọ́là, nítorí náà kì í ṣe ti gbogbo ayé. Síbẹ̀, inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri lásán lẹ máa ti tẹ̀ ẹ́ bọ iná, bí ẹni tẹ ayọ́ọ̀nù. Kò nílò yàrá tirẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn LGP-30 yìí wà ní ọ́fíìsì Edward Lorenz, onímọ̀ nípa ojú ọjọ́ ní yunifásítì MIT. Ó ti kọ ìṣirò 12 tó fi ń ṣàfarawé bí afẹ́fẹ́ ṣe ń rìn, ẹ̀rọ náà ń tẹ èsì jáde ní ìlà ìlà. Lọ́jọ́ kan ní 1961, ó fẹ́ tún apá kan wò, ló bá mú nọ́ńbà láti àárín èsì àtijọ́, ó tẹ̀ ẹ́ padà sínú ẹ̀rọ, ó lọ mu kọfí. Ó padà dé lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí kan. Ojú ọjọ́ tó bá nínú ìwé kò jọ ti àkọ́kọ́ mọ́ rárá. Ó kọ́kọ́ rò pé gílóòbù kan ló jó. Gílóòbù kankan ò jó. Nọ́ńbà tó wà nínú ẹ̀rọ ni 0.506127, èyí tó wà lórí bébà tó sì tẹ̀ padà ni 0.506. Ìyàtọ̀ tí kò tó ohun tí eèrà lè gbé yẹn ló yí gbogbo ojú ọjọ́ padà. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní chaos ti gba ọ̀nà tuntun, òun náà ló sì ṣàlàyé ìdí tí àwọn tó ń sọ ojú ọjọ́ fún wa lórí tẹlifíṣọ̀n kò fi lè sọ ti oṣù tó ń bọ̀ gan-an.

Àwọn èèyàn fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn yìí nítorí nọ́ńbà. Àwa fẹ́ràn ẹ̀ nítorí yàrá. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ń tò sí ìlà fún ni, ta ló máa gba Lorenz láàyè kó tún ohun tó ti ṣe tẹ́lẹ̀ ṣe, kó kàn fi wò ó? Nítorí pé ẹ̀rọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, tó ń pariwo sí i létí lójoojúmọ́, ló fi lè fi í ṣeré. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín kọ̀ǹpútà tó wà lọ́dọ̀ ìjọba àti kọ̀ǹpútà tó wà ní tábìlì ẹni nìyẹn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà rárá.

Ní 1960, Seymour Cray tún ṣe CDC 160, ẹ̀rọ tí gbogbo ara ẹ̀ wọ inú tábìlì ọ́fíìsì onírin kan ṣoṣo. Ká má gbàgbé igi náà o: máùsì àkọ́kọ́ tí Bill English kàn fún Douglas Engelbart ní Stanford Research Institute ní 1964, pákó gbígbẹ́ ni, wọ́n ki táyà kékeré méjì bọ abẹ́ ẹ̀. Iṣẹ́ káfíńtà ni máùsì tó wà lọ́wọ́ yín yẹn ti bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà tí igi gan-an wá jọba ni láàárín 1975 sí 1977. Ní oṣù Kìíní 1975, ìwé ìròyìn Popular Electronics gbé Altair 8800 sójú ìwé, kọ̀ǹpútà tí èèyàn lè rà ní ẹyọ ẹyọ, kó jó o pọ̀ fúnra ẹ̀ nílé. Nígbà tó di oṣù Kẹta, àwọn kan pàdé nínú gáréèjì kan ní Menlo Park, wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n pè é ní Homebrew Computer Club. Steve Wozniak wà níbẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló gbé Apple I jáde pẹ̀lú Steve Jobs. Paul Terrell, tó ní ṣọ́ọ̀bù kan tó ń jẹ́ Byte Shop, ní òun máa ra 50, òun á san 500 dọ́là lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ohun tí Terrell ń retí ni kọ̀ǹpútà tó pé pérépéré. Ohun tí Jobs gbé wá ni pátákó oníwáyà lásán. Kò sí kíbọ́ọ̀dù, kò sí skríìnì, kò sí tíráńsífọ́mà tó máa fún un ní iná, kò sí ilé. Terrell gbà á, wọ́n ń tà á ní 666.66 dọ́là. Gbogbo èyí tí wọ́n ṣe kò ju nǹkan bíi 200 lọ.

Ẹ bá wa fojú inú wò ó. Ẹ ti san owó yín, ẹ wá gbé pátákó dé ilé, ihòòhò ló wà. Kí lẹ máa ṣe? Ilé káfíńtà ni. Àwọn kan fi plywood kan àpótí. Àwọn kan kó o sínú báàgì ọlọ́wọ́. Àwọn kan fi igi koa ṣe tiwọn, igi olówó iyebíye láti erékùṣù Hawaii, tí àwọ̀ ẹ̀ ń dán bí oyin. Ní 2021, ọ̀kan tó ṣì wà nínú àpótí koa lọ sí gbàǹjo, owó tí wọ́n tà á kò dín ní 400,000 dọ́là. Kò fi bẹ́ẹ̀ sí Apple I méjì tó jọ ara wọn, nítorí pé àwọn tó rà wọ́n ló ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Sol-20 tí Lee Felsenstein ṣe lọ́dún yẹn kan náà tiẹ̀ gbé igi walnut sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láti ilé iṣẹ́.

Kí ló wá lé igi lọ? Ìdáhùn tí ọ̀pọ̀ máa ń fún wa ni pé Jobs fẹ́ nǹkan tó lẹ́wà, tó jọ ohun èlò inú ilé, ló ṣe fi ike bo Apple II ní 1977. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìdáhùn míì wà tí a rò pé ó ju ìyẹn lọ, orin ló sì fi hàn. Ní 1975, Steve Dompier gbé Altair rẹ̀ wá sí ìpàdé Homebrew. Ẹ̀rọ náà kò ní sípíkà. Ó gbé rédíò kékeré kan tì í, ó tẹ ètò kan sínú ẹ̀ pẹ̀lú bọ́tìnnì, ni rédíò bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin àwọn Beatles. Ẹnu ya gbogbo ilé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà ń tú ìgbì rédíò jáde bó ṣe ń ronú, Dompier wá to ìrònú ẹ̀ kó lè bọ́ sí ohùn orin. Ẹ lè dán an wò nílé yín lónìí: ẹ wá rédíò àtijọ́, ẹ yí i sí AM, ẹ gbé e sún mọ́ ẹ̀rọ yín, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń kùn.

Ó dùn mọ́ àwọn ará gáréèjì, àmọ́ ẹ ro ti aládùúgbò tó fẹ́ wo bọ́ọ̀lù, tí tẹlifíṣọ̀n ẹ̀ ń ṣe wúruwùru nítorí kọ̀ǹpútà ọmọ ilé kejì. FCC, àjọ tó ń mójú tó ìgbì rédíò ní Amẹ́ríkà, fi òfin dè é. Nígbà tí Atari 800 jáde ní 1979, àlúmínọ́ọ̀mù dídà tó nípọn ni wọ́n fi yí inú ẹ̀ ká kí ìgbì má baà jò jáde. Igi ò lè dá ìgbì rédíò dúró. Irin lè ṣe é. Bí irin ṣe di ilé kọ̀ǹpútà nìyẹn, pẹ̀lú ìdí tó dáa, ẹ má rò pé ìkà kan ló wà nídìí ẹ̀.

Ohun tó wá ṣí ilẹ̀kùn padà, ihò súkúrù ni.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nígbà tí IBM gbé PC rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹjọ 1981, ó tẹ ìwé kan pẹ̀lú ẹ̀ tó ya gbogbo ọ̀nà tí iná ń gbà nínú ẹ̀rọ náà. Àwọn ilé iṣẹ́ míì kà á, wọ́n ṣe tiwọn tó bá a mu. Ní 1995, Intel wá gbé àdéhùn kan kalẹ̀ tó ń jẹ́ ATX. Mọ́dábọ́ọ̀dù, pátákó ńlá tí gbogbo nǹkan yòókù ń so mọ́, kò gbọ́dọ̀ ju 305 mílímítà sí 244 lọ. Ihò súkúrù kò ju mẹ́sàn-án lọ, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa wà ti dájú. Ibi tí wáyà máa ti jáde lẹ́yìn ti dájú. Iná tí yóò máa wọlé ti dájú. Àwa onísọ́fítíwíà ní orúkọ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀, API là ń pè é: ṣe tìrẹ bó ṣe wù ọ́, ṣáà rí i pé ojú tí o kọ sí mi ò yí padà. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni tó ń ṣe pátákó ní Taiwan àti ẹni tó ń ṣe àpótí ní ibikíbi kò nílò láti mọ ara wọn.

Àdéhùn yìí ló bí ọ̀pọ̀ nǹkan tí a mọ̀. Ní Ikeja, òpópónà Otigba, tó jẹ́ àdúgbò ilé gbígbé tẹ́lẹ̀, di Computer Village láti àwọn ọdún 1990 wá, àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ sì ń ra pátákó lọ́tọ̀, àpótí lọ́tọ̀, wọ́n ń tò ó pọ̀, wọ́n ń tà á fún àwọn tí agbára wọn ò ká kọ̀ǹpútà olórúkọ ńlá. Kò sẹ́ni tó gba ìwé àṣẹ kó tó mọ ibi tí súkúrù ń wọ̀. Lókè òkun náà, ní 1996, àwọn tó dá Google sílẹ̀ fi búlọ́ọ̀kù Lego tí ọmọdé fi ń ṣeré kọ́ ilé fún díìsìkì mẹ́wàá ní Stanford. Ní 1999, wọ́n to mọ́dábọ́ọ̀dù sórí àwo irin láìsí àpótí kankan, èèpo igi tí wọ́n fi ń dé ìgò wáìnì ni wọ́n tẹ́ sáàárín kí iná má baà gbe irin.

Tiwa náà, Ìbàdàn la ti kàn án. A ra pákó ní Bódìjà, plywood fún ara ẹ̀, ọ̀gànwó fún ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a kó o lọ bá Bàbá káfíńtà tó ń ṣe ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí a ṣàlàyé, bàbá bọ́ awò ojú wọn.

"Ṣé iná lẹ fẹ́ gbé sínú igi yìí? Ẹ̀yin ọmọ yìí, igi kì í bá iná ṣeré o."

Bàbá sọ òótọ́. Àpótí irin ní iṣẹ́ méjì tí àwọn tó ń wo fídíò kì í rí. Ó ń dá ìgbì dúró, ó sì ń gba iná tó bá ṣáko lọ sínú ilẹ̀ kó má baà gbá ẹni tó fọwọ́ kàn án. A sọ fún wọn pé abọ́ àlúmínọ́ọ̀mù ni mọ́dábọ́ọ̀dù máa jókòó sí, lórí ẹsẹ̀ idẹ kéékèèké, a ó so abọ́ náà mọ́ ara páwà sọ́pùláì, páwà sọ́pùláì á so mọ́ wáyà áàtì ilé. Ilé tí kò bá ní áàtì gidi, kí ẹni tó ń gbé e má ṣe dán tábìlì yìí wò. Ìwọ̀nyí kì í ṣe ohun tí à ń ro lẹ́ẹ̀mejì.

Ooru ni ìkejì. Irin máa ń gba ooru jáde díẹ̀ fúnra ẹ̀, igi kì í gbà á. Gbogbo ooru tó bá wà nínú tábìlì, afẹ́fẹ́ nìkan ló lè gbé e lọ. A jẹ́ kí fáànù méjì máa fa afẹ́fẹ́ tútù wọlé láti ẹ̀gbẹ́ òsì, mẹ́ta ń tì í jáde lẹ́yìn, a sì gbé páwà sọ́pùláì sí yàrá tirẹ̀. Fún eruku ọyẹ́, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ni a nà bo ojú ihò, à ń yọ ọ́ fọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì. Dígí orí ẹ̀ ṣeé ṣí pẹ̀lú ọwọ́ kan. Ìyẹn ni bàbá fẹ́ràn jù. Wọ́n fi páálí tí a gé bíi mọ́dábọ́ọ̀dù lé igi, wọ́n fi pẹ́ńsù sàmì sí ihò kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá fi mọ́dábọ́ọ̀dù gangan lé e. Gbogbo ihò ló bára mu. "Ẹni tó wọn èyí mọ iṣẹ́," bàbá ní, bí ìgbà tí wọ́n ń yin káfíńtà ẹgbẹ́ wọn.

Iye tó ná wa, ẹ má bèèrè. Ṣùgbọ́n nígbà tí Lian Li, ilé iṣẹ́ Taiwan, gbé tábìlì kọ̀ǹpútà alálúmínọ́ọ̀mù tiwọn jáde ní 2014, nǹkan bíi 1,000 dọ́là ni. Tiwa kò sún mọ́ ọn.

Kì í ṣe owó ló mú wa kàn án, ká sòótọ́. Láti ohun tó ju ọdún mẹ́wàá lọ sẹ́yìn, kọ̀ǹpútà ti ń di ohun tí a kò lè ṣí. MacBook Air ti 2008, wọ́n ti jó mẹ́mọ́rì ẹ̀ mọ́ pátákó. MacBook Pro ti 2012 tó ní skríìnì Retina, wọ́n jó mẹ́mọ́rì mọ́ pátákó, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ bátìrì mọ́ ara ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló tẹ̀ lé wọn. Ó fúyẹ́, ó lẹ́wà, àwa náà ní i nínú báàgì. Àmọ́ tí mẹ́mọ́rì bá kú, odindi pátákó ló kú, ọ̀dọ́ Otigba tó mọ súkúrù kò rí súkúrù tó máa tú. Iṣẹ́ tó bọ́ ìdílé púpọ̀ ní òpópónà yẹn ń wọ inú gọ́ọ̀mù lọ díẹ̀díẹ̀, a ò sì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dìbò lé e lórí.

A ti pààrọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù tábìlì wa lẹ́ẹ̀mejì báyìí. Bàbá ò tún lu ihò kankan, àwọn ihò àkọ́kọ́ yẹn náà la lò. Èyí tí a fẹ́ kàn tẹ̀ lé e kéré sí i: Mini-ITX, àdéhùn tí ilé iṣẹ́ VIA gbé jáde ní 2001, 170 mílímítà ní gígùn, 170 ní fífẹ̀. Inú dúrọ́ọ̀ ló máa wọ̀. Bàbá ti ní ká mú páálí wá.